Òpin àsìkò òjò ní Nepal: ta ló ti gba Thorong La kọjá nínú oṣù kẹwàá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ń gbé, a sì fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó yí òkè Annapurna ká nínú oṣù kẹwàá.

Mo mọ̀ pé òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà sábà máa ń dá ní ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, tí ojú ọ̀run á sì mọ́ kedere. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìjì Hudhud tó jà ní etíkun Íńdíà ló gbé yìnyín dé Thorong La, ìyẹn ibi tí ọ̀nà yìí ti gba àárín òkè kọjá, tó ga tó mítà 5,416. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú sí agbègbè náà. Àsìkò tí wọ́n ní ó dára jù lọ nìyẹn o!

Ẹ jọ̀ọ́, àmì wo làwọn ará Manang, abúlé tó wà lójú ọ̀nà kéèyàn tó gun Thorong La, máa ń wò kí wọ́n tó ní kéèyàn máa lọ? Òkè ńlá ló dínà òjò mọ́ Manang, nítorí náà mi ò fẹ́ fi gbígbẹ ibẹ̀ nìkan ṣe ìdánilójú. Ṣé ìròyìn ojú ọjọ́ máa ń wọlé sórí fóònù níbẹ̀? Ọjọ́ mélòó lẹ yà sọ́tọ̀ fún ìdádúró? Ọ̀nà Besisahar, ìlú tí ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ńkọ́, ṣé ilẹ̀ ṣì máa ń ya lulẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò?

Àbúrò mi ní ikọ́ fée, òtútù àti afẹ́fẹ́ líle kì í bá a lára mu. Tí ẹ bá ní kí á padà láti Manang, a ó padà.