Ìgbẹ́ ọmọ láti ojú ogun: ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ẹ̀yin tó ń múra àtilọ gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Borno, ẹ jẹ́ kí n ti orí ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ká tó kan àjẹsára. Fún odidi ọdún 2 la ò fi gbúròó ògbólógbòó fáírọ́ọ̀sì rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ìyẹn èyí tí kò ti inú àjẹsára wá, ní Nàìjíríà, àfi bó ṣe yọjú ní Borno lọ́dún 2016. Kò kúrò ńlẹ̀ rí. Ibi tí Boko Haram gbà ló wà, kò sì sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀ lọ wò.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí láàbù lè wò ó bóyá fáírọ́ọ̀sì yìí wà nínú rẹ̀. Ìkejì gbọ́dọ̀ fi wákàtí 24, ó kéré tán, jìnnà sí ìkíní, kí méjèèjì má sì kọjá ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ rọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Ọjọ́ 14 yìí gan-an ni ogun máa ń dà rú. Ìyá á ti fẹsẹ̀ rìn tipẹ́ kó tó dé ibùdó ogúnléndé, akọ̀wé á wá kọ ọjọ́ tó wọlé dípò ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ rọ. Ẹ má bi í pé oṣù pé mélòó. Ẹ bi í pé: “Ìyá, Jímọ̀ wo lọmọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kẹ́yìn? Ṣé ẹ ti kúrò nílé nígbà yẹn?” Bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá, ẹ ṣì gbà á, kí ẹ sì gba ti ọmọ 3 tí wọ́n jọ ń ṣeré.

Ó wá ku kúlà, àpótí oníyìnyín tí ẹ máa fi gbé ìgbẹ́. Kí tẹmómítà inú rẹ̀ wà láàrin 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ẹrù sì dé láàbù láàrin ọjọ́ 3, yálà ní Maiduguri tàbí lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn níbí. Kúlà tó bá ti gbé ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ gbé àjẹsára mọ́ láéláé. Bí ìgbẹ́ bá gbóná lọ́nà, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á kú, èsì á ní kò sí nǹkan kan, ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀ lórí irọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ní ti àjẹsára, ẹ wo àmì ara ìgò tó ń fi hàn bóyá ooru ti ba àjẹsára jẹ́. Igun mẹ́rin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun ju òbíríkítí tó yí i ká lọ. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, ẹ má lò ó. Ẹ kán an ní ẹ̀kán 2, kí ọmọ gbé e mì, kí ẹ tó fi yíǹkì kun ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Níbi tí ìbọn ti ń dún, iṣẹ́ máa ń di wàrà-wàrà, yíǹkì a sì máa wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò gba nǹkan kan. Ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wò, ìyá ni kó bi, kó má wo ìka nìkan.

Abúlé tí a ò lè dé, àwọn ṣọ́jà ló máa ń bá wa kán an fọ́mọ níbẹ̀. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka àmì ìgò yẹn kí ọkọ̀ wọn tó gbéra.