Níbo ni àwọn bájà ń gbé ní Ìlú Ọba, báwo ni ènìyàn sì ṣe lè rí wọn?

Ìyá Mọ́remí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọdún 6 tí mo ti ń gbé ní Gloucestershire, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù kan tí n kì í rí òkú bájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì fojú kan ààyè rẹ̀ rí. Bájà ni mo pe ẹranko tí àwọn òyìnbó ń pè ní badger, nítorí kò sí irú rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ wa tí àwọn baba wa ì bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, ya àwòrán rẹ̀ nílé ìwé: orí funfun, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì tó ti ẹ̀gbẹ́ imú gba orí ojú lọ sí etí. Ó wá bi mí pé ta ló kọ ọ́ nílà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ wo èyí tó ń mí.

Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, mo sì rí àwọn ihò ńlá mélòó kan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá bájà ló ni wọ́n, tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tàbí ehoro? Ìgbà wo ló yẹ kí a lọ? Ṣé kò lè ṣe ọmọ ní jàǹbá? Ṣé òun náà sì ni èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ń fọ́ ilé oyin nílẹ̀ Áfíríkà?

Àkàndé Etí-Igbó

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Mọ́remí. Ibi tó dára gan-an ni ẹ ń gbé fún ohun tí ẹ ń wá, nítorí gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, láti Gloucestershire àti Somerset títí dé Devon àti Cornwall, wà lára ibi tí bájà pọ̀ sí jùlọ ní Ìlú Ọba, Wales náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ilẹ̀ tó rọrùn láti gbẹ́ tí omi kì í dúró sí, igi tó ṣíji bo ojú ihò, àti pápá koríko kúkúrú nítòsí. Ekòló ni olórí oúnjẹ wọn, bájà kan sì lè jẹ èyí tó lé ní 200 lálẹ́ ọjọ́ kan bí òjò bá ti rọ̀, àgàgà nínú pápá tí màlúù tàbí àgùntàn ti jẹ koríko rẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, etí igbó tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó kọjú sí pápá, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọn kì í sábà gbé ní àkúrò, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n lórí àwọn òkè gíga Scotland.

Ní ti ihò, ti ehoro kéré, a sì máa rí roboto. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ó máa ń rùn, egungun àti ìyẹ́ ẹyẹ sì sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ti bájà fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ẹ ro ó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀: ìsàlẹ̀ tẹ́jú, òkè tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ńlá máa ń wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tó dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹranko tó mọ́ tónítóní ni. Ó máa ń kó ibùsùn àtijọ́ jáde, á gbá ewé àti koríko tuntun mọ́ àyà, á sì fi ẹ̀yìn rìn wọlé pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá rí ojú ihò márùn-ún tàbí mẹ́wàá nítòsí ara wọn, ẹbí kan ṣoṣo ló sábà máa ń ni gbogbo wọn. Ìran dé ìran ni wọ́n fi ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ẹ tún wá ṣáláńgá wọn, ìyẹn àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí láìbò ó. Níbi tí ọ̀nà wọn bá ti gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún kọjá, ẹ wo wáyà náà dáadáa, ẹ ó rí irun tó le, tó funfun ní ìdí, tó dúdú nítòsí orí, tí góńgó rẹ̀ sì tún funfun. Ẹ yí i láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Irun bájà kì í yí geere, ńṣe ló máa ń ta gìrì lọ́wọ́ ẹni, nítorí kò rí roboto. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìka márùn-ún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tó fẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìka mẹ́rin ni ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá máa ń tẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Òkè-Ògùn

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Àkàndé, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dẹ òkété: a ó wá ojú ihò kejì, a ó dí i, a ó sì fín èéfín sí èkíní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú rẹ̀ wò níbí. Òfin tí wọ́n ń pè ní Protection of Badgers Act 1992 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti pa bájà, láti ṣe é léṣe, láti dí ojú ihò rẹ̀, láti bà á jẹ́, tàbí láti ran ajá wọ inú rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn máa ń da ajá bo bájà láti fi ṣeré ìdárayá. Wọ́n fòfin de ìyẹn lọ́dún 1835, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ṣe é níkọ̀kọ̀ títí dòní. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín, Ìyá Mọ́remí, pé kí ẹ má ṣe gbé àwòrán ihò náà pẹ̀lú orúkọ ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń pa màlúù, tí bájà lè kó ràn wọ́n, ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn bájà, pàápàá láti ọdún 2013 tí àwọn kan tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa bájà ní apá kan Gloucestershire àti Somerset. Èmi kò rí àgbẹ̀ tí màlúù rẹ̀ kú bí ọ̀tá.

Ní ti èyí tó ń fọ́ ilé oyin, ìbátan tó jìnnà ni. Inú ọ̀dàn ilẹ̀ Áfíríkà ló ń gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ dúdú. Bájà ti ibí náà a máa hú ilé agbọ́n láti jẹ ọmọ inú rẹ̀. Kì í lé ènìyàn, ńṣe ló máa ń sá, ṣùgbọ́n èyí tó farapa tàbí tí a há mọ́ lè buni jẹ gidigidi, nítorí náà kí ọmọ má ṣe fọwọ́ kàn án.

Adùnní ará Devon

Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni kí ẹ lọ. Oṣù kejì ni wọ́n sábà máa ń bímọ, àwọn ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde síta ní ìparí oṣù kẹrin tàbí nínú oṣù karùn-ún. Nínú oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, ebi sì lè lé wọn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹ ó fi rí wọn kedere.

Imú ni bájà fi ń mọ ayé, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ bu èlùbọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bó bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ihò, ẹ yí lọ sí òdìkejì. Ẹ má ṣe fín lọ́fínńdà, ẹ má sì wọ aṣọ tó ń dún wíríwírí. Ẹ fẹ̀yìn ti igi ní bíi mítà 15 sí ihò, bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi nǹkan pupa bo ojú rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ti jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú láìrí nǹkan kan, kí imú kan tó yọ láti inú ihò, tó ń gbóòórùn sọ́tùn-ún, sósì. Ó padà wọlé. Ó tún yọ. Lẹ́yìn náà ló jáde pátápátá, ó fìdí jókòó bí àgbàlagbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú èékánná gígùn, débi pé mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo wà. Ọmọ mẹ́ta tẹ̀lé e, wọ́n ń gun ara wọn lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ yí padà sí ẹ̀yìn ọrùn mi, kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti wọlé.

Ìyá Mọ́remí

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa bá yín gbé. A lọ lọ́sàn-án Sátidé lẹ́yìn tí onílẹ̀ ti gbà fún wa. Igbá ìdojúdé náà gan-an ló rí, ojú ihò méje. Mọ́remí rí irun lára wáyà, ó yí i, ó ta gìrì, ó sì ti fi í sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú aláǹtakùn bo ojú ihò mẹ́ta. Ṣé wọ́n ti kó lọ ni?

Àkàndé Etí-Igbó

Wọn kò kó lọ, àwọn mẹ́ta náà ni wọn kò lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ wo mẹ́rin tó kù: èyí tí iyẹ̀pẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì tutù, tí eṣinṣin ń fò wọlé fò jáde níbẹ̀, ni kí ẹ kọjú sí. Kí Mọ́remí sun oorun ọ̀sán dáadáa lọ́jọ́ náà, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wákàtí kan kì í rọrùn fún ọmọdé tí oorun ń kùn.