Nígbà tí a fi ìgbàgbọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ ìwádìí

Àbúrò Málọmọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ẹni tó béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa ti wádìí ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́ rí, ìbéèrè rẹ̀ ni mo wá dáhùn. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì kan àwọn òkú ilé wa.

Ní ọdún kẹta mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, olùkọ́ wa obìnrin pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún fún iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ àkòrí tí a rí nínú ìwé, pé kí olúkúlùkù mú ohun kan wá tí òun gbà gbọ́ tọkàntọkàn, tí òun kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí. A ó kọ ohun tí a gbà gbọ́ sínú ìwé pélébé, a ó kọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ, a ó sì kọ ohun tí ojú wa lè rí tí yóò mú wa yí èrò padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko kí n tó rí nǹkan kọ. A ká àwọn ìwé náà, a kó wọn sínú agolo mílíìkì òfìfo, a sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Òfin kan tún wà: ẹni tó ni ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ni yóò béèrè, òun yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò máa gbọ́.

Ohun tí mo kọ ni pé àbíkú ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta, àti pé ẹnì kẹta nínú wọn ló padà wá tí ó di èmi. Ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ màmá mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Kòsọ́kọ́ ni èkejì ń jẹ́, Málọmọ́ ni ẹ̀kẹta, Málọmọ́ yìí sì pé ọmọ ọdún méje kí ó tó lọ. Ìtàn tí wọ́n tọ́ mi dàgbà lé lórí ni pé àwọn tó sin ín gé e létí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́, kí a sì lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n bá àpá kékeré kan lẹ́yìn etí òsì mi. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń ronú, ọwọ́ mi a máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í le ni a yan ọ̀rọ̀ mi fún. Ó bá mi dé ilé, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó gba àyè lọ́wọ́ wọn, ó sì ní bí ìbéèrè kankan bá dùn wọ́n, kí wọ́n sọ pé ó tó. Lẹ́yìn náà ni ó bi àgbà mẹ́ta ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ti ẹnì kejì: ibo ni wọ́n ti gé ọmọ náà? Màmá mi ní etí òsì ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ni, wọ́n sì búra lé e. Bàbá àgbà kan tó wà níbi ìsìnkú náà ní àwọn kò gé e rárá, pé àwọn fẹ́ gé e ni, ṣùgbọ́n igbe màmá mi láti inú ilé pọ̀ débi pé ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Nígbà tí ó wá bi màmá mi bóyá wọ́n fi ojú ara wọn rí ọgbẹ́ náà, wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní a kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ará ilé rí àpá tèmi ni ẹnì kan tó sọ fún wọn pé etí ni.

N kò lè parọ́ fún yín pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi wọ́n nípa ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó kú, ẹnu àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn máa ń wú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Funfun ojú wọn máa ń di àwọ̀ ìyeyè. Bí ọyẹ́ bá dé tàbí tí òjò bá pa wọ́n, egungun a máa ro wọ́n tí wọn yóò fi sunkún mọ́jú, ìdí nìyẹn tí Málọmọ́ fi ń wọ súwẹ́tà nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Gbogbo èyí ni a bá nínú ìwé nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), títí kan ọ̀rọ̀ òtútù, nítorí òtútù wà lára ohun tí ń jí ìrora náà lójú oorun. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Àwọn ìyá ilẹ̀ wa ti ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà.

Àwa márààrún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ẹni tó gba àbùdá àrùn náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni à ń pè ní AS; ẹni tó gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS, òun ni àrùn náà ń ṣe. AS ni tèmi, AS ni ti màmá mi. Bàbá mi ti di olóògbé, a kò lè yẹ tiwọn wò, nítorí náà a kò kọ ọ́ pé ó dá wa lójú. Ohun tí a kọ ni pé àwọn àmì náà bá SS mu, àti pé a kò rí ẹ̀rí fún ọgbẹ́ etí. Lójú tèmi o, àwọn àgbà kò ṣìran. Wọ́n rí i pé ikú ń padà wá sí ilé kan náà, pẹ̀lú àmì kan náà, ní ọmọ lé ọmọ. Ohun tí wọ́n rí tọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fún un ni a kò bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀kan nínú wa kún un, nítorí ó wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń múra ìgbéyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ́ AS, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà sì jẹ́ AS. Èyí kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, níbi tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS. Ó kọ ọ́ pé ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS, nítorí náà bí àkọ́bí bá jẹ́ ẹ, àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́. A da ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa iye kan náà sínú igbá méjì, ọ̀kan fún bàbá, èkejì fún ìyá. Ẹnì kan a dijú, a mú hóró kan láti inú igbá kọ̀ọ̀kan, a fi hàn, a sì dá a padà. Pupa méjì túmọ̀ sí SS, ìmú mẹ́rin sì ni ilé kan. A jókòó sí ìdí iṣẹ́ yìí láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ títí a fi ka 100 ilé, òun ni ó sì dijú, ẹlòmíràn ń kọ. Ìṣirò sọ pé nínú 100 irú ilé bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 32 kò ní rí SS rárá, nǹkan bí 42 yóò rí ẹyọ kan, nǹkan bí 26 yóò sì rí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a kà kò jìnnà sí i. Ilé kan wà tí pupa méjì jáde lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ó la ojú, ó wo ẹ̀wà pupa méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Igbá kì í rántí ohun tí a mú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn lẹ́yìn náà. Tiwọn nìyẹn, n kò ní tú u síta.

Ọmọ Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Tèmi kò ní ẹkún nínú. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, mo sì kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ wa ní yunifásítì pé ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ló ń fún wa ní ìbejì. Pé ìbejì pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe àhesọ: dókítà Nylander tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 rí nǹkan bí 45 sí 50 ìbejì nínú ìbí 1,000, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí 12. A lọ bá àwọn ìyá ìbejì, gbogbo wọn ní àwọn ń jẹ ilasa, mo sì ti ń yọ̀, àfi ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Oǹdó béèrè pé, "Àwọn tí kò bí ìbejì ńkọ́? Kí ni àwọn ń jẹ?" A padà lọ bi wọ́n. Ilasa kan náà ni. Ìyá kan tó ti bí ọmọ méje ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bó bá jẹ́ ilasa ni, òun ì bá ti bí mẹ́rìnlá.

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi AS gbà gbọ́ pé ibà kì í ṣe irú wa. A pín ara wa sí ẹgbẹ́, a sì ń kọ ọjọ́ tí ibà bá dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ìdajì òtítọ́ ni mo gbé dání: ohun tí olùwádìí A. C. Allison kọ ní 1954 láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni pé AS a máa dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà, ààbò náà sì pọ̀ jù lórí ibà líle tó ń pa ọmọdé. Kò sọ pé kí a má sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Àbúrò Málọmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ka ìwé ìwádìí yín fún màmá yín? Kí ni wọ́n sọ?

Àbúrò Málọmọ́

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, nítorí náà mo jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn bí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń wú, ọwọ́ wọn dúró lórí ìrẹsì. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lọ ni?" Mo ní, "Màmá, ó jọ pé ara ló ń ro wọ́n, tí agbára wọn kò gbé e mọ́." Wọ́n ní àwọn bá Málọmọ́ jà lóru ọjọ́ tó kú, àwọn sọ fún un pé bó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ, kó yéé fi àwọn ṣeré.

N kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Nígbà tí mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi ti ṣí àpótí wọn, wọ́n ti fọ súwẹ́tà kékeré aláwọ̀ ewé kan tí n kò rí rí, wọ́n sì ti sá a sórí okùn nínú oòrùn.