Ṣékélì 17 fún ilẹ̀ tí ọ̀tá ti gbà

Tíṣà Sọ́ńdè Sukúù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀rọ̀ ìfaradà bá ti délẹ̀ báyìí, Jóòbù la máa ń sáré dì mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí Jeremáyà orí 32 lónìí. Ilẹ̀ ni Ọlọ́run ní kí wòlíì yẹn rà, gbogbo wa la sì mọ wàhálà tó wà nídìí ilẹ̀ rírà.

Ẹ wo ipò tó wà ná. Ọdún kẹwàá ìjọba Sedekáyà, ọba Júdà, ni. Ogun Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, wọ́n ti mọ òkìtì ti odi ìlú. Jeremáyà wà ní àtìmọ́lé nínú àgbàlá ẹ̀ṣọ́ ní ààfin. Búrẹ́dì kan lójúmọ́ ni wọ́n ń bù fún un, láti òpópónà àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì (37:21). Ánátótì, ìlú rẹ̀, ni ilẹ̀ náà wà, nǹkan bíi kìlómítà 5 sí Jerúsálẹ́mù, ọwọ́ ọ̀tá sì ti tẹ gbogbo agbègbè yẹn. Àwọn ará Ánátótì yìí kan náà ló ti fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀ (11:21). Ọ̀kan nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ níbẹ̀, Hánámélì, ọmọ Ṣálúmù tó jẹ́ arákùnrin bàbá Jeremáyà, ló wá bá a lẹ́wọ̀n pé, "Ra ilẹ̀ mi." Ta ni ò ní bínú lé e?

Ṣékélì fàdákà 17 ni iye rẹ̀. Wọ́n kì í ka owó nígbà yẹn, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ṣékélì kan tó nǹkan bíi gíráàmù 11, nítorí náà gbogbo ẹ̀ ò pé gíráàmù 200. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á tán.

Ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn fàdákà náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ̀dà méjì ni ìwé náà: ọ̀kan dídì, ọ̀kan ṣíṣí. Èyí tó ṣí ni èèyàn máa ń yẹ̀ wò nígbàkigbà. Bí ìjà bá dé, wọ́n á já èdìdì ti kejì, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ẹnì kan ti yí ọ̀rọ̀ padà. Jeremáyà kó méjèèjì lé Bárúkù ọmọ Néríà, akọ̀wé rẹ̀, lọ́wọ́, lójú Hánámélì, lójú àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí i, lójú gbogbo Júù tó jókòó sí àgbàlá. Ó ní kó kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlú ò ní pẹ́ ṣubú, síbẹ̀ kò fo ìgbésẹ̀ kankan. Àwa ńkọ́? Ìgbà tá a bá sọ pé "Olúwa ló rán mi" gan-an la máa ń ṣe bí ẹni pé rìsíìtì àti ẹlẹ́rìí jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ilẹ̀ ìjọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ìjọ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn.

Lọ́dún 1982, àwọn tó ń wú ilẹ̀ àtijọ́ ní Jerúsálẹ́mù rí èdìdì amọ̀ tó lé ní 50 nínú ilé kan tí iná ogun Bábílónì jó. Orúkọ Gemaráyà ọmọ Ṣáfánì wà lára ọ̀kan, orúkọ tá a rí nínú Jeremáyà 36:10. Ìwé tí wọ́n fi àwọn èdìdì náà dì ti jóná ráúráú. Iná kan náà ló sun amọ̀ yẹn gan-an bí ẹní sun ìkòkò, ìyẹn ló jẹ́ kó kù. Ẹ wá fi wé àwọn ìwé awọ tí wọ́n bá nínú ìkòkò ní ihò Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú, lọ́dún 1947. Wọ́n ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ìwé Aísáyà kan sì wà lára wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé látòkè délẹ̀. Ìkòkò ń dènà ọ̀rinrin àti kòkòrò. Ẹni tó ní kí wọ́n wá ìkòkò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni mo fẹ́ fọwọ́ bà.

Àkọ́kọ́, ẹsẹ 6 sí 8. Ọ̀rọ̀ Olúwa kọ́kọ́ sọ fún un pé Hánámélì ń bọ̀. Hánámélì wá dé lóòótọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Jeremáyà sọ pé òun wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Olúwa ni. Wòlíì ńlá dúró de ìmúdájú! Òfin ìràpadà ilẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, Léfítíkù 25:25, tó ní kí ìbátan ra ohun tí arákùnrin rẹ̀ tó di òtòṣì tà. Ohun tó gbọ́ ò ta ko ohun tí Ọlọ́run ti kọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún lóru pé kó ta ilé ìyàwó àtọmọ kó gbé owó wá, kó kọ́kọ́ wo ibi méjèèjì yìí.

Èkejì, ẹsẹ 16. Lẹ́yìn tí ìwé ti wà lọ́wọ́ Bárúkù ló tó gbàdúrà. Ẹ ka àdúrà yẹn dáadáa. Láti 17 títí dé 23, agbára Ọlọ́run ló ń rò, látorí ìṣẹ̀dá dé Íjíbítì. Ní 24 ó nawọ́ sí òkìtì ogun pé, "Wò ó." Ní 25 ló wá tú u jáde: ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Kálídéà, ìyẹn àwọn ará Bábílónì, Ìwọ sì ní kí n fowó ra ilẹ̀! Kò yé e rárá. Àwọn kan máa ń ní kí ẹni tí ìyà ń jẹ má ráhùn, pé ìráhùn ń lé ìbùkún lọ. Jeremáyà ráhùn, àmọ́ ó ti sanwó ná.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí lọ́jọ́ kejì. 38:28: inú àgbàlá ẹ̀ṣọ́ yẹn ló wà títí Jerúsálẹ́mù fi ṣubú.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Jeremáyà padà dá oko lórí ilẹ̀ yẹn?

Ìyá Ẹgbẹ́

Rárá, ọmọ mi. Wọ́n fipá mú òun àti Bárúkù lọ sí Íjíbítì, ní Tápánésì (43:6-7). Àmọ́ ka Ẹ́sírà orí 2, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó ti ìgbèkùn dé ní ìlú-ìlú. Ẹsẹ 23: àwọn ọkùnrin Ánátótì, 128.