Ẹ gbà mí o, kí ló ń pinnu énsáìmù tó máa fọ́ ọ̀rá nínú sẹ́ẹ̀lì?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ biochemistry dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn lipase yìí, ìyẹn àwọn énsáìmù tó ń fọ́ ọ̀rá, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi là yé.

Ti sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá yé mi díẹ̀. Lipase mẹ́ta ló ń ṣe é: ATGL ló kọ́kọ́ ń yọ fatty acid kan kúrò lára triglyceride (ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì tọ́jú pa mọ́), HSL á gba èyí tó kù, MGL á wá parí ẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni HSL, torí inú cytosol (omi inú sẹ́ẹ̀lì) ló máa ń wà jẹ́ẹ́, àfi tí adrenaline bá dé tí PKA, énsáìmù tó ń lẹ fósfétì mọ́ protein, wá lẹ fósfétì mọ́ ọn, tó tún lẹ ẹ́ mọ́ perilipin, protein tó bo ọ̀rá yẹn lórí, ìgbà yẹn ni HSL máa sáré lọ sídìí ọ̀rá náà, perilipin náà á sì tú protein kan tó ń jẹ́ CGI-58 sílẹ̀ kó lè lọ ran ATGL lọ́wọ́. Tí ínsúlíìnì bá ti gòkè, gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀.

Ibi tó ti dojú rú ni lysosome, àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́. LAL, lipase ti lysosome, wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, ibi tí ásíìdì wà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, pH bíi 4.5 sí 5. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, kí ló ń sọ pé ọ̀rá yìí á gba ọ̀dọ̀ ATGL, tọ̀hún á gba lysosome? Ṣé bí ọ̀rá yẹn ṣe tóbi tó ni àbí TFEB, protein tó ń tan àwọn jíìnì lysosome, ló ń darí ẹ̀? Àwọn ọmọ tó ní Wolman disease, àrùn àjogúnbá kan, ń kó mi lọ́kàn sókè gan-an, LAL wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rá wá kún ẹ̀dọ̀ wọn, ATGL sì wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò lè gbà wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé fún mi.