Ẹ gbà mí o: módẹ́ẹ̀lì antibody mi ń gbégbá orókè nílé, tó bá dóde kò mọ nǹkan kan

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, Kubwa l'Ábújá níbí ni mo wà, mò ń ṣe másításì. Mo fẹ́ fi machine learning (kí kọ̀ǹpútà máa kọ́ nǹkan látinú dátà) wá antibody, ìyẹn protein tí ara fi ń gbógun ti àrùn, tó lè dì mọ́ oró paramọ́lẹ̀, torí ejò yẹn ń ṣe àwọn àgbẹ̀ lápá Gombe léṣe gan-an, ó sì ń dùn mí.

Dátà ti oró ejò ò pọ̀, mo wá kọ́kọ́ fi ti kòrónà dánra wò, ìyẹn CoV-AbDab, àkójọ dátà antibody kòrónà ti Yunifásítì Oxford, mo fi ESM-2 (módẹ́ẹ̀lì AI tó ń ka protein) sọ sequence wọn, ìyẹn bí lẹ́tà amino acid wọn ṣe tò tẹ̀ léra, di nọ́ńbà, mo sì kàn pín wọn bákan ṣáá, 80% fún kíkọ́, 20% fún ìdánwò. Módẹ́ẹ̀lì náà gbà á dáadáa nínú ìdánwò yẹn, àmọ́ tí mo bá gbé dátà ibòmíì fún un ńṣe ló ń méfò. Ó jọ pé àwọn antibody tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ló wà lápá méjèèjì, lẹ́tà kan tàbí méjì péré ni wọ́n fi yàtọ̀, ó kàn há wọn sórí ni.

Ṣé kí n kó àwọn tí CDR-H3 wọn (ibi tó máa ń yàtọ̀ jù lára antibody) jọra sójú kan kí n tó pín wọn, àbí V gene (ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí ara fi ń ṣe antibody) ni kí n wò? Báwo ni kí wọ́n jọra tó? Láptọ́ọ̀pù 8GB ni mo ní o. Ẹ jọ̀ọ́.