Àìhàn kì í ṣe àìsí: orúkọ wo ni a ó fún èsì tí ẹ̀rọ kò rí nínú omi?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Àbá mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ báyìí fún èsì tí ilé àyẹ̀wò máa ń kọ nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá nínú omi bá kéré ju èyí tí ẹ̀rọ wọn lè rí lọ: òfo, àìdójú-ìwọ̀n, àti iye tí a gbẹ́sẹ̀ lé. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí pé bí a bá ṣe sọ èsì náà lórúkọ ni ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò yóò ṣe fi ọwọ́ mú un.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ òfo wò. Ká ní a bu omi ní ibi kan náà lẹ́ẹ̀méje, a sì fi ẹ̀rọ tí kò lè rí ohun tí ó bá kéré sí máíkírógíráàmù 2 nínú lítà kan wọn òjé inú rẹ̀. Mẹ́ta nínú èsì náà wà lábẹ́ 2, mẹ́rin yòókù sì jẹ́ 3, 4, 6 àti 13. Ẹni tí ó bá gba òfo gbọ́ yóò kọ 0 sí àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí 3.7. Ẹni tí ó bá kọ 2 gan-an síbẹ̀ yóò rí nǹkan bí 4.6, àwọn tí ó sì ti mọ́ lára láti máa fi ìdajì ààlà, ìyẹn 1, dí irú àyè bẹ́ẹ̀ yóò rí nǹkan bí 4.1. Omi kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, ìpíndọ́gba ti di mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó ti inú omi wá nínú ohun tí a fi dí àyè. Ṣùgbọ́n bí a bá to èsì méjèèje láti orí èyí tí ó kéré jù, tí a sì mú èyí tí ó wà láàárín gan-an, 3 ni, ohun yòówù tí ì báà wà ní àyè mẹ́ta ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni, pé kí á fi ìpíndọ́gba sílẹ̀ fún ohun tí a rò pọ̀ tí a sì pín, kí á máa pe ti àárín ní agbedeméjì.

Àìdójú-ìwọ̀n dùn ún gbọ́, ó sì bá ìṣọwọ́sọ̀rọ̀ wa mu, àmọ́ ewu inú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé omi kan kò dójú ìwọ̀n, ohun tí yóò rò ni pé omi náà kò ṣeé mu, bẹ́ẹ̀ ni èsì tí à ń wí yìí sábà máa ń jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Máíkírógíráàmù 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá fún òjé nínú lítà omi mímu kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, 13 nìkan ni ó kọjá a. A nílò orúkọ méjì fún ààlà méjì tí kò jọra wọ̀nyí: ààlà ẹ̀rọ àti ààlà ìlera.

Ní ti iye tí a gbẹ́sẹ̀ lé, mo mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, «censored», ni wọ́n tún ń lò fún ìwé ìròyìn tí ìjọba kò jẹ́ kó jáde. Nínú ìwé lórí omi, òǹkàwé yóò sọ pé ẹnì kan ń fi èsì pamọ́ fún aráàlú! Ẹ wo bí ìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1958, Edward Kaplan àti Paul Meier gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde fún àwọn èsì tí kò pé, irú bíi ti aláìsàn tí ó ṣì wà láàyè nígbà tí ìwádìí parí: a mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ gùn ju ìgbà náà lọ, a kò mọ iye tí ó gùn tó. Àwọn onímọ̀ omi yí ọ̀nà yìí padà sẹ́yìn, nítorí pé tiwọn ni kí wọ́n mọ̀ pé iye kan kéré sí 2 láìmọ ohun tí ó jẹ́ gan-an. Ìmọ̀ díẹ̀ ni èyí; kò sí ẹni tí ó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan kan.

Àìhàn ni èmi dá lábàá, pẹ̀lú òfin kan: a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìsọ ààlà ẹ̀rọ rẹ̀. «Àìhàn lábẹ́ 2» péye. «Àìhàn» lásán kò tó. Bí ẹnìkan bá ní ojú ni hàn wà fún, tí òjé inú omi kò sì ṣeé fojú rí rárá, èsì mi ni pé òtítọ́ pàápàá máa ń hàn. Ìwúlò òfin yìí yóò yọ nígbà tí ẹ̀rọ bá yí padà. Ká ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè rí ohun tí ó bá kéré sí 10, tí tuntun sì lè rí 1, tí àìhàn sì ni gbogbo èsì tẹ́lẹ̀ àti tuntun. Ẹni tí ó fi ìdajì dí àyè yóò kọ 5 fún ìgbà ti tẹ́lẹ̀ àti 0.5 fún ti ìsinsìnyí, yóò sì kéde pé òjé ti dín kù di ìdá kan nínú mẹ́wàá, nígbà tí omi wà bí ó ṣe wà.

Ìdánwò tí a fi orúkọ Henry Mann àti Maurice Kendall pè, èyí tí Mann gbé jáde ní 1945 láti fi mọ̀ bóyá iye ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù bí àkókò ti ń lọ, yẹra fún ọ̀fìn yìí. Ó máa ń fi èsì kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì ka iye ìgbà tí ti ẹ̀yìn pọ̀ jù àti iye ìgbà tí ó kéré jù. Àìhàn lábẹ́ 2 àti 6, a mọ èyí tí ó pọ̀ jù. Àìhàn lábẹ́ 10 àti 3, a kò mọ̀, nítorí náà ọ̀mì ni. Ọ̀mì tí àwọn eléré ń ta yìí gan-an ni mo fẹ́ kí á gbà, a kò nílò àtọwọ́dá kankan; kìkì pé ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i nínú ìwé lórí omi yóò kó òǹkàwé sí wàhálà. Robert Hirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe ní 1982 kí oṣù kìíní lè máa bá oṣù kìíní nìkan díje, torí pé omi máa ń yí pẹ̀lú àsìkò.

Ó ku òkè ààlà, níbi tí kòkòrò bakitéríà ti pọ̀ nínú àwo àyẹ̀wò débi pé kò ṣeé kà mọ́. Àkàìkàtán wà nílẹ̀ fún un, bí òfin ààlà bá bá a lọ: «àkàìkàtán lókè 200». Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá pẹ̀lú àpẹẹrẹ ìṣirò kan tí a lè fi dán an wò.